Bàbá mi ní àtọ̀gbẹ àti ẹ̀jẹ̀ ríru, ojú wọn ti ń ṣe bàìbàì. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

ỌmọTíṣà_Ìsánlú

Òkun o, gbogbo ilé. Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ bàbá mi. Tíṣà ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Ìsánlú ni wọ́n ń gbé, èmi wà l'Ábújá. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ní àtọ̀gbẹ, ẹ̀jẹ̀ ríru sì ti wà ńlẹ̀ ṣáájú ìyẹn. Wọ́n ń lo Metformin fún àtọ̀gbẹ àti Amlodipine fún ẹ̀jẹ̀ ríru, àmọ́ bí ara bá ti yá wọn díẹ̀, wọ́n á pa á tì.

Láti bí oṣù mélòó kan ni wọ́n ti ń sọ pé ojú àwọn ń ṣe bàìbàì. Wọ́n ra jígí lọ́wọ́ àwọn tó ń kiri, kò bá wọn mu. Wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, ó dáa fún ọjọ́ díẹ̀, ó tún yí padà. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni wọ́n pè mí pé àwọn ń rí nǹkan dúdú wínníwínní tó ń léfòó kiri nínú ojú ọ̀tún, àti pé bí àwọn bá ṣí ìwé orin, etí ìlà ni àwọn ń rí, àárín rẹ̀ kì í hàn. Kò dùn wọ́n. Ojú kò pọ́n, kò ṣepin. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń sọ pé ọjọ́ orí ni. Àbúrò mi tó wà lọ́dọ̀ wọn ní ká ra jígí tó nípọn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ṣé ọ̀rọ̀ jígí ni èyí ṣá? Ibo la sì lè gbé wọn lọ láti Yàgbà?

Ìyá_Tólú_Kàbà

Jígí kọ́. Ẹ má ra òmíràn. Ẹni tó ní ṣúgà tó wá ń rí nǹkan dúdú tó ń fò lójú, dókítà ojú ló yẹ kó rí i, kì í ṣe ẹni tó ń kiri jígí ní mọ́tò páàkì. Bí ti ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ṣe bẹ̀rẹ̀ gan-an nìyí. Ẹ yára, ẹ jọ̀ọ́.

Bọ̀dá_Mọ̀pà

Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Mi ò bá yín jà, àmọ́ kì í ṣe gbogbo nǹkan là ń gbé lọ ilé ìwòsàn. Oyin ìgàn gidi, èyí tí wọn ò bu omi là, ẹ kán ẹ̀kán kan sí i láàárọ̀, ẹ̀kán kan lálẹ́. Bàbá àgbà wa lò ó, ojú wọn mọ́lẹ̀ títí wọ́n fi lọ. Ẹ sì sọ fún bàbá kí wọ́n rọra máa dín oògùn òyìnbó yẹn kù. Oògùn tí èèyàn ń lò lójoojúmọ́ láìdúró, òun náà ló ń ba ojú jẹ́.

Nọ́ọ̀sì_Ẹ̀gbẹ̀

Bọ̀dá, ẹ má bínú, mi ò lè jẹ́ kí èyí kọjá. Ẹ̀yìn ojú lọ́hùn-ún ni wàhálà bàbá wà. Ohun tí a bá kán sí iwájú kò lè débẹ̀. Oyin, omi ewé, ìtọ̀, wàrà ọmú, gbogbo rẹ̀ ni mo ti rí tí wọ́n kán sójú tí kòkòrò bá a wọlé, tí iwájú ojú fi dégbò. Ẹni tó gbé àìsàn ojú kan wá á wá ní méjì.

Ti oògùn, òdì kejì ohun tí ẹ sọ ni. Ṣúgà àti BP (ẹ̀jẹ̀ ríru) tí a kò ká lọ́wọ́ kò ló ń ba ojú jẹ́. Kí bàbá má dá oògùn kankan dúró láìjẹ́ pé dókítà ló ní kí wọ́n dá a dúró.

ỌmọTíṣà, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé kí ẹ lè rí ohun bá wọn sọ, nítorí tíṣà fẹ́ràn kí wọ́n yé e. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan wà tó tẹ́ ẹ̀yìn ojú láti inú, rẹ́tínà ni wọ́n ń pè é. Òun ló ń gba ìmọ́lẹ̀ tó bá wọlé, tó ń fi iṣẹ́ rán sí ọpọlọ pé ohun báyìí la rí. Àwọn iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ síbẹ̀ tín-ín-rín púpọ̀. Bí ṣúgà bá ga nínú ẹ̀jẹ̀ lọ́dún dé ọdún, ògiri àwọn iṣan yẹn á rọ, á yọ kókó kéékèèké, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í jò. Omi àti ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ á rọ sínú awọ náà, á sì wú. Tó bá jẹ́ àárín gbùngbùn rẹ̀ ló wú, ibi tí a fi ń kàwé tí a sì fi ń dá ojú èèyàn mọ̀, àárín ìlà ìwé ni kò ní hàn. Ohun tí bàbá ń sọ nìyẹn.

Bó bá tún pẹ́ sí i, àwọn iṣan kan á dí. Ibi tí ẹ̀jẹ̀ ò dé mọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í hu iṣan tuntun fún ara rẹ̀. Èèyàn á rò pé ìyẹn dáa, àmọ́ iṣan tuntun yìí kò lágbára, kíá ló ń bẹ́. Ẹ̀jẹ̀ tó ta sínú ojú lè jẹ́ àwọn nǹkan dúdú tí bàbá ń rí. Tí ibẹ̀ bá wá dápàá, àpá náà lè fa rẹ́tínà ya kúrò níbi tó lẹ̀ mọ́. Nígbà yẹn, á dà bí ẹni pé wọ́n ta aṣọ dúdú bo apá kan ojú.

Ẹ̀jẹ̀ ríru ní tiẹ̀ ń fún àwọn iṣan kan náà yìí pọ̀, ògiri wọn á nípọn, ọ̀nà á há. Bí méjèèjì bá wà lára ẹnì kan, ìkan ń tì, ìkan ń fà. Tí BP bá gòkè tó 180/120, tí ojú ṣàdédé ṣú tàbí tí orí ń fọ́ gidigidi, ọjọ́ náà ni kí ẹ gbé èèyàn lọ. Ẹ má dúró di ọjọ́ kejì.

Ohun tó ń bà mí nínú jẹ́ jù níbi iṣẹ́ mi ni gbólóhùn yìí, "kò dùn mí". Rẹ́tínà kì í dunni. Ó lè ti bàjẹ́ jìnnà kí èèyàn ṣì máa tẹ fóònù, kó máa rí ọ̀nà oko.

Ayọ̀_Gbẹ̀dẹ̀

Ẹ dákun, ẹ kíyè sára. Tí ẹ bá débẹ̀, lésà ni wọ́n máa sọ, ìmọ́lẹ̀ líle tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ yìn sínú ojú. Ìyá ìyàwó mi ṣe é ní ilé ìwòsàn kan. Kí wọ́n tó lọ, wọ́n ń dá wa mọ̀ lójú. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, ojú yẹn fọ́ pátápátá. Kò sẹ́ni tó jókòó tì wá ṣàlàyé ohunkóhun. Láti ìgbà yẹn, ẹnikẹ́ni tó bá dárúkọ lésà ní ilé wa, ìjà ni.

OjúDára_Lọ́kọ́ja

Optometrist ni mí, ẹni tó ń yẹ ojú wò, Lọ́kọ́ja ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ayọ̀, ẹ kú ọ̀rọ̀ ìyá. Wọ́n ṣẹ̀ yín tí wọn kò jókòó ṣàlàyé, ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti bínú.

Ohun tó yẹ kí wọ́n sọ fún yín nìyí: lésà kì í dá ìríran tó ti lọ padà. Èyí tó kù ló ń gbà là. Etí etí rẹ́tínà tí ẹ̀jẹ̀ ò dé mọ́ ni wọ́n máa ń yin ín sí, kí ibẹ̀ yé hu iṣan tuntun, kí èyí tó ti hù sì gbẹ. Ó lè dín bí èèyàn ṣe ń rí ẹ̀gbẹ́ kù díẹ̀, ó sì lè mú kí ìríran alẹ́ dín kù. Mi ò ní fi ìyẹn pa mọ́ fún ẹnikẹ́ni. Àmọ́ púpọ̀ nínú àwọn èèyàn wa ló jẹ́ pé ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ ti ń ta sójú ni wọ́n ń dé. Lésà á bá àìsàn náà lẹ́nu eré, àìsàn á kọ́kọ́ sáré síwájú díẹ̀, ẹ̀bi á sì bọ́ sórí lésà.

Ìdí tí jígí bàbá fi ń yí padà, ẹ gbọ́: bí ṣúgà bá ga, lẹ́ńsì inú ojú á fa omi, á wú, nọ́ńbà jígí á yí. Bó bá wálẹ̀, á tún yí padà. Ẹni tí ṣúgà rẹ̀ ń gòkè sọ̀kalẹ̀ kò yẹ kó ra jígí rárá títí yóò fi dúró sójú kan. Owó ni wọ́n ń dà nù.

Àyẹ̀wò tí ẹ máa béèrè fún ni èyí tí wọ́n ń kán oògùn sí kí ihò dúdú àárín ojú lè ṣí gbòòrò, kí wọ́n tó yẹ ẹ̀yìn rẹ̀ wò. Ká ka lẹ́tà ara ògiri nìkan kò tó. Mo ti rí ẹni tó ka gbogbo lẹ́tà títí dé ìsàlẹ̀ tí rẹ́tínà rẹ̀ kún fún ẹ̀jẹ̀. Tí wọ́n bá kán oògùn yẹn, ojú á máa ṣe bàìbàì fún wákàtí bíi 4 sí 6, ìmọ́lẹ̀ á máa gún un. Nítorí náà, kí ẹnì kan bá bàbá lọ, kí wọ́n mú fìlà tàbí jígí dúdú dání, kí wọ́n má sì wa ohunkóhun padà wálé.

Ibi tí ẹ lè lọ: Ìlọrin ló rọrùn jù láti Ìsánlú, ẹ gba Ẹ̀gbẹ̀ àti Òmù-Àrán, UITH, ilé ìwòsàn Yunifásítì Ìlọrin, ní ẹ̀ka ojú. Àwa náà ní Federal Teaching Hospital ní Lọ́kọ́ja, èyí tí ẹ mọ̀ sí FMC tẹ́lẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá di ti iṣẹ́ abẹ rẹ́tínà, wọ́n lè darí yín sí ilé ìwòsàn UCH n'Íbàdàn tàbí National Eye Centre ní Kàdúná. Ẹ pe ibi tí ẹ bá fẹ́ lọ kí ẹ tó gbéra, ẹ bi wọ́n bóyá dókítà rẹ́tínà wà ní ọjọ́ náà àti bóyá ẹ̀rọ lésà ń ṣiṣẹ́. Ìrìnàjò òfo ló ń jẹ́ kí àwọn arúgbó kọ̀ láti padà lọ.

Alàgbà_Ìyàrà

Ẹ̀yin ọmọ, mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín bọ̀. Èmi náà ní ṣúgà, wọ́n sì ti yin lésà sí ojú mi méjèèjì n'Ílọrin. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí, kí ẹ̀rù lè kúrò lára bàbá yín.

Wọ́n kán oògùn sí i, ó ta mí díẹ̀. A jókòó síta títí mi ò fi lè ka orúkọ tó wà lórí fóònù mi mọ́. Wọ́n tún kán òmíràn tó mú kí ojú kú fún ìgbà díẹ̀ kó má bàa dùn mí, wọ́n ní kí n gbé àgbọ̀n lé orí ẹ̀rọ kan, kí n fi iwájú orí ti ọ̀já rẹ̀. Dókítà fi jígí kékeré kan lé ẹyin ojú mi gan-an. Ó wá ń yìn ín: wàà, wàà, wàà, ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ ewé. Nígbà mìíràn mi ò mọ nǹkan kan, nígbà mìíràn á ta mí wínkín nínú orí. Tí mo bá ti mira, dókítà á dúró. Nígbà tí mo dìde, gbogbo yàrá pupa lójú mi fún ìṣẹ́jú díẹ̀, lẹ́yìn náà ó lọ. Ọjọ́ náà ni mo padà wálé, ọmọ mi ló dì mí lọ́wọ́ mú.

Mo ń ka Bíbélì mi títí di òní, èyí tí lẹ́tà rẹ̀ tóbi. Lálẹ́, mi ò kì í dá rìn níbi tí iná ò sí, nítorí òkùnkùn ti nípọn fún mi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ọmọ tó ń jẹ́ OjúDára, òótọ́ lo sọ níbẹ̀ yẹn.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ńkọ́? Èmi ò yé jẹ iyán. Ta ló fẹ́ gba iyán lọ́wọ́ ará Ìjùmú? Ṣùgbọ́n òkèlè mi ti kéré, ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ àti ẹja ló kún àwo, mi ò sì jẹ ẹ́ lálẹ́ mọ́. Máàgì àti iyọ̀ la dín kù gan-an nítorí BP. Èso kajú tí àwọn ọmọ ń gbé wá látoko, ẹyọ kan, ó tó.

Ọmọ_Ọ̀wọ́rọ̀

Ẹ ṣé, Bàbá. Àmọ́ mo rò pé lésà ti di ti àtijọ́. Abẹ́rẹ́ inú ojú ni wọ́n ń lò báyìí, Avastin ni wọ́n gún fún ẹ̀gbọ́n mi, omi inú rẹ̀ sì gbẹ, ó ń ríran ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. ỌmọTíṣà, abẹ́rẹ́ ni kí ẹ ní kí wọ́n gún, ẹ má gbà fún lésà.

OjúDára_Lọ́kọ́ja

Ọmọ Ọ̀wọ́rọ̀, òótọ́ ni pé tó bá jẹ́ wíwú àárín rẹ́tínà, abẹ́rẹ́ ló dáa jù, òun ló sì lè dá díẹ̀ padà nínú ìríran tó lọ. Àmọ́ a kì í gún un lẹ́ẹ̀kan. Oṣooṣù ni ní ìbẹ̀rẹ̀, á wá máa jìnnà síra bó bá ṣe ń gbà á. Ẹni tí iṣan tuntun ti hù lójú rẹ̀, tó gba abẹ́rẹ́ díẹ̀ tó sá lọ nítorí owó mọ́tò, ojú yẹn lè burú kọjá ti ìbẹ̀rẹ̀. Lésà kì í béèrè kéèyàn máa padà wá tó bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí dókítà fi máa ń bi yín bóyá ẹ ó lè máa wá. Ẹ dá a lóhùn bó ṣe rí gan-an, ẹ má tijú. Àwọn mìíràn ń gba méjèèjì.

Avastin ni owó rẹ̀ kéré jù nínú àwọn abẹ́rẹ́ náà. Àìsàn jẹjẹrẹ ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é fún, kí ẹ̀rù má bà yín bí ẹ bá rí i kà lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ìyá_Tólú_Kàbà

Mo fẹ́ fi kan kún un. Ẹ ní kí bàbá bo ojú kan, kí wọ́n fi èkejì wo irin ojú fèrèsé, kí wọ́n tún pààrọ̀. Tí irin tó tọ́ bá ń wọ́ lójú wọn, tàbí tí ibì kan bá sọnù láàárín, ẹ sọ ọ́ fún dókítà. Ojú méjèèjì máa ń bo àṣírí ara wọn. Bó ṣe pẹ́ kí ẹ̀gbọ́n ọkọ mi tó mọ̀ nìyẹn, òsì ń bá ọ̀tún ṣiṣẹ́.

ỌmọTíṣà_Ìsánlú

Ẹ ṣé gan-an. Àbúrò mi ti gbé wọn lọ Ìlọrin, èmi náà lọ bá wọn níbẹ̀. Wọ́n kán oògùn náà, wọ́n ya àwòrán ẹ̀yìn ojú, wọ́n sì fi hàn wá: àwọn àmì pupa kéékèèké káàkiri, ọ̀rá pupa rẹ́súrẹ́sú ní àárín, iṣan tuntun sì ti ń hù ní ojú ọ̀tún. Bàbá wo àwòrán náà pẹ́ títí. BP wọn jẹ́ 170/100 lọ́jọ́ náà. HbA1c, èyí tó ń sọ bí ṣúgà ṣe rí ní bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, jẹ́ 10.4. Wọ́n ti gún abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ sí ọ̀tún, lésà ń bọ̀. Wọ́n tún gba ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ láti yẹ kíndìnrín wò.

Ohun tó kù ni pé ìbẹ̀rù ti wá mú bàbá gidi gan-an. Wọ́n ní láti ọ̀la lọ, ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ ni àwọn ó máa jẹun, àwọn ó sì lo oògùn ṣúgà ní ìlọ́po méjì kó lè wálẹ̀ kíá. Ṣé ó dáa?

Nọ́ọ̀sì_Ẹ̀gbẹ̀

Rárá o! Inú mi dùn pé ẹ lọ, àmọ́ ẹ sọ fún bàbá kí wọ́n rọra. Ṣúgà tó wálẹ̀ jù lè dá èèyàn wó lójú ẹsẹ̀: òógùn, gbígbọ̀n, ìdàrúdàpọ̀ ọkàn, dídákú. Ìyẹn nìkan kọ́. Ẹni tí rẹ́tínà rẹ̀ ti bàjẹ́ tẹ́lẹ̀, tí ṣúgà rẹ̀ wá já wálẹ̀ lójijì láti òkè bíi 10 yẹn, rẹ́tínà rẹ̀ lè kọ́kọ́ burú sí i fún ìgbà díẹ̀ kó tó máa sàn. Èyí ò túmọ̀ sí pé kẹ́ ẹ fi í sílẹ̀ lókè. Kí dókítà ṣúgà àti dókítà ojú mọ ohun tí ẹnì kejì ń ṣe, kí wọ́n mú un wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn àgbàlagbà ni wọ́n ń fẹ́ kí HbA1c wọn wà ní bíi 7. Tó bá jẹ́ ẹni tó ti dàgbà gan-an, wọ́n lè gbà á ní 8. Dókítà wọn ló máa sọ.

BP ńkọ́? Ẹ má fi ojú kéré rẹ̀. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n ń pè ní UKPDS, tí wọ́n ṣe nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí èsì rẹ̀ lórí ẹ̀jẹ̀ ríru jáde ní 1998, àwọn alátọ̀gbẹ tí wọ́n ká BP wọn lọ́wọ́ kò dáadáa, ewu kí rẹ́tínà wọn bàjẹ́ sí i fi 34% dín sí ti àwọn tí wọn ò fi bẹ́ẹ̀ ká a. Oògùn Amlodipine tí bàbá ń pa tì yẹn, oògùn ojú ni lọ́nà kan. Ẹ ra ẹ̀rọ BP sílé. Kí wọ́n jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú 5 kí wọ́n tó wọ̀n ọ́n, kí àbúrò yín máa kọ ọ́ sínú ìwé.

Ó dáa bí wọ́n ṣe yẹ kíndìnrín wò. Ohun tó ń ba iṣan ojú jẹ́ ló ń ba ti kíndìnrín náà jẹ́.

Bọ̀dá_Mọ̀pà

Nọ́ọ̀sì, ìyàwó mi ní ṣúgà, ọdún yìí ni wọ́n sọ fún un. Ó ń ríran kedere, ó ń fi okùn bọ abẹ́rẹ́ láìlo jígí. Ṣé òun náà nílò kí wọ́n kán oògùn sí i?

Nọ́ọ̀sì_Ẹ̀gbẹ̀

Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n. Irú ṣúgà tí àgbàlagbà ń ní lè ti wà lára fún ọdún bíi mélòó kan kí wọ́n tó rí i. Nítorí náà, ọdún tí wọ́n bá rí i ni kí wọ́n yẹ ojú wò, lẹ́yìn náà lọ́dọọdún. Bí ojú bá mọ́ dáadáa tí ṣúgà sì wà ní ìkáwọ́, dókítà lè ní kó di ọdún méjì.

Ayọ̀_Gbẹ̀dẹ̀

OjúDára, mo ka ohun tí ẹ kọ fún ìyàwó mi. Ó ní kí n béèrè: ojú kejì ìyá rẹ̀ ṣì ń rí díẹ̀. Ṣé ó ti pẹ́ jù?

OjúDára_Lọ́kọ́ja

Kò pẹ́ jù. Ẹ gbé wọn wá ní ọ̀sẹ̀ yìí, ẹ mú gbogbo ìwé àtijọ́ dání. Kódà, tí ẹ̀jẹ̀ bá ti kún ojú tó fọ́ yẹn, iṣẹ́ abẹ wà tí wọ́n fi ń fa ẹ̀jẹ̀ àti àpá kúrò. Mi ò ṣèlérí nípa ojú yẹn láìtíì rí i. Èyí tó kù ni ká kọ́kọ́ sáré sí.

Ìyàwó_Àdè

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé mo gba ọ̀nà mìíràn wọlé. Mo ní ṣúgà láti kékeré, ínsúlìn ni mò ń gún, mo sì ṣẹ̀ṣẹ̀ lóyún. Àwọn obìnrin kan níbi ìtọ́jú aláboyún (antenatal) ní Ẹ̀kìnrìn-Àdè sọ pé aláboyún kì í ṣe àyẹ̀wò ojú, pé oògùn náà ń dé ọ̀dọ̀ ọmọ.

Nọ́ọ̀sì_Ẹ̀gbẹ̀

Ẹ kú oríire, àbúrò mi. Ẹ lọ ṣe é ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ yìí, nítorí oyún lè mú kí rẹ́tínà ẹni tó ti ní ṣúgà tẹ́lẹ̀ bàjẹ́ kíákíá. Ẹ sọ fún wọn pé ẹ lóyún kí wọ́n tó kán oògùn. Wọ́n lè ní kí ẹ tẹ igun ojú lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kó má bàa wọ ara púpọ̀. Dókítà á sọ ìgbà tí ẹ máa padà wá kí ẹ tó bímọ, ẹ tún lọ lẹ́yìn ìbímọ.

Tí inú oyún ni ṣúgà ti bẹ̀rẹ̀ fún ẹlòmíràn tó ń kà á, tiyín yàtọ̀: kò pọn dandan kí ẹ yẹ rẹ́tínà wò, àmọ́ ẹ tún ṣúgà yẹ̀ wò láàárín ọ̀sẹ̀ 4 sí 12 lẹ́yìn ìbímọ. Fún gbogbo aláboyún: tó bá ti kọjá oṣù márùn-ún, tí ojú ń ṣú tàbí tí ẹ ń rí ìmọ́lẹ̀ tó ń kọ mànà, tí orí ń fọ́, tí ẹsẹ̀ àti ojú ń wú, ẹ má dúró de ọjọ́ kíníìkì. Ẹ lọ wọn BP lálẹ́ ọjọ́ náà.